Òpópónà Tí Èèrà Jẹ

Gàrí Ìjẹ̀bú ni mo fi ṣe ilẹ̀ àdúgbò àkọ́kọ́ tí mo kọ́ sórí tábìlì. Mo ti fi páálí kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, mo ti kùn ún, mo ti ṣe fèrèsé sí i, ó wá ku ilẹ̀ iwájú ilé. Mo wo gàrí nínú ike rẹ̀: ó kúnná, ó gbẹ, ó jọ yanrìn. Mo ta gọ́ọ̀mù sórí pákó, mo fọ́n gàrí sí i, mo fi osùn díẹ̀ pa á láwọ̀ dà, mo bá lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èèrà ti tò láti ẹsẹ̀ tábìlì dé ẹnu ọ̀nà ilé náà. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, wọ́n ti kó òpópónà náà lọ, wọ́n wá fi ilé sílẹ̀ lórí pákó lásán.

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó ti ohun tó ṣẹ́ kù, mo rí i pé èèrà ṣe mí lóore. Ilẹ̀ yẹn kò dára kí wọ́n tó dé. Hóró gàrí kan lè tó mìlímítà kan. Ìdá kan nínú àádọ́ta ilé gidi ni ilé tí mo kọ́. Ẹ sọ hóró gàrí náà di ńlá lọ́nà àádọ́ta: ó di òkúta tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹyin adìẹ. Ibi tí mo rò pé mo ti tẹ́ yanrìn, òkò ni mo dà síbẹ̀. Bí ènìyàn bá ń gbé nínú ilé yẹn, yóò ti fi ẹsẹ̀ rọ́ kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà.

Mọ́dẹ́ẹ̀lì ni àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ilé yíyà ní yunifásítì ń pe irú nǹkan yìí, orúkọ náà sì ti mọ́ wa lẹ́nu. Ọmọ tó fi agolo mílíìkì ṣe mọ́tò, tó gé bàtà sílípáàsì fi ṣe táyà, tó so okùn mọ́ ọn tó ń wọ́ ọ kiri àdúgbò, onímọ́dẹ́ẹ̀lì ni òun náà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n táyà mọ́tò rẹ̀ lè ga ju ilẹ̀kùn lọ, ẹnikẹ́ni kò ní bá a wí. Ọjọ́ tí a bá kọ 1:50 sára pákó, a ti jẹ́ ẹ̀jẹ́. Ohun gbogbo tó bá wà lórí pákó náà gbọ́dọ̀ kéré dé ìwọ̀n kan náà: ògiri, páànù, ènìyàn, àní eruku. Gígùn àti ìbú kì í sábà ṣòro. Ohun tó máa ń tú wa fó ni bí nǹkan ṣe nípọn tó. Ilẹ̀kùn á ga bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n á nípọn bí ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Bí a ó ṣe mọ ìdá tí a ó lò, ẹ jẹ́ kí n fi Erédò ṣe àpẹẹrẹ, nítorí kò sí ohun tó kọ́ mi ní ìṣirò yìí bíi rẹ̀. Odi àti yàrà tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká yìí, tí a ń fi orúkọ Bílíkísù Súngbọ́ pè, tí ojúbọ obìnrin náà sì wà ní Òkè-Ẹ̀rì nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Níbòmíràn, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó 20 mítà. Ẹni tó bá dúró nínú rẹ̀ á máa wo ojú ọ̀run bí ẹni tó wà nínú kànga. Ẹ wá jẹ́ ká gbé gbogbo rẹ̀ ka orí tábìlì ní 1:50,000, ìwọ̀n àwòrán ilẹ̀ tí àwọn awọnlẹ̀ ń lò. Láti àríwá odi náà dé gúúsù, tó tó bíi 40 kìlómítà, yóò di 80 sẹ̀ǹtímítà. Tábìlì gbà á. Odi ogún mítà ńkọ́? Yóò di ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá mìlímítà kan. Kò ju ìnípọn èékánná lọ. Iṣẹ́ tí àìmọye ènìyàn gbẹ́ tí wọ́n mọ, ìka kan á gbá a kúrò lórí tábìlì.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń ṣe mọ́dẹ́ẹ̀lì ilẹ̀ máa ń pa irọ́ tó jẹ́wọ́. Á fi ìbú àti gígùn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, á gbé gíga sókè lọ́nà mẹ́wàá, á sì kọ ọ́ sí igun pákó kí ẹni tó ń wò ó lè mọ̀. Odi á di mìlímítà mẹ́rin. Ojú á rí i, ọwọ́ á kàn án. Bó bá jẹ́ ibi kan ṣoṣo lára Erédò la fẹ́ fi hàn, bóyá àádọ́ta mítà péré, a ó lo 1:100, kò sì ní sí ìdí láti parọ́ rárá. Ohun tí a fẹ́ kí ojú rí ló ń yan ìdá fún wa.

Ní ti ilé, 1:50 ló bá mi lára mu. Ènìyàn tó ga ju mítà kan ààbọ̀ lọ, ká sọ pé 1.7 mítà, á di 3.4 sẹ̀ǹtímítà. Ojú á ríran sí i, ọwọ́ á sì lè wọ aṣọ fún un. Ní 1:100 ó di kókó kékeré kan. Ní 1:20, ilé tí iwájú rẹ̀ fẹ̀ ní mítà 15 á gba 75 sẹ̀ǹtímítà, ìyàwó ilé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tí ẹ fẹ́ kí òun gbé àwo sí.

Àwọn baba wa tó ń gbẹ́ igi kò fi tépù wọn ère. Orí ènìyàn gidi tó bí ìdá kan nínú méje gíga rẹ̀. Orí ère wọn máa ń tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Wọ́n mọ ènìyàn wò dáadáa. Orí ni wọ́n ń bọ, òun ni wọ́n fi ṣe olórí, wọ́n sì fún un ní àyè tó tọ́ sí i. Lórí igi gẹ̀lẹ̀dé, wọ́n gbẹ́ alùpùpù, wọ́n gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n gbẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè pé ìdá mélòó ni. Ọlá ni wọ́n fi ń wọn nǹkan. Èmi ń sọ èyí nítorí pé àwọn kan máa ń wo ère àtijọ́ wọ́n á ní kò gún. Ó gún. Rúlà tiwa la gbé lọ fi wọ̀n ọ́n.

Ẹni tó mú ère wa wá sí ọ̀dọ̀ rúlà, tó sì sọ ọ́ di kékeré, ni Justus Akeredolu ti Ọ̀wọ̀. Ní àwọn ọdún 1930 ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ̀gún, àwọn ẹ̀gún ńláńlá tó ń hù lára igi bí àràbà. Ó fi wọ́n gbẹ́ obìnrin tó ń gún iyán, adẹ́mu, àwọn tó ń ta ayò. Ẹ̀gún wọ̀nyí fúyẹ́, wọ́n rọ̀ fún ọ̀bẹ, oríṣi àwọ̀ mẹ́ta ni wọ́n sì máa ń ní: èyí tó funfun bí wàrà, èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, àti èyí tó dúdú bí kòkó. Èyí tó dúdú ló fi ń ṣe ara, àwọn tó kù ló fi ń ṣe aṣọ àti ohun èlò, á sì lẹ̀ wọ́n pọ̀. Kò nílò ọ̀dà. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ nínú ilé àgbà kan, ẹ mú u síbi ìmọ́lẹ̀ kí ẹ wo ọmọ odó obìnrin tó ń gún iyán: kò ju igi ìtayín lọ, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ dì í mú.

Ilé wá kù. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni mo máa ń kọ́, irú èyí tí iṣẹ́ àwọn Àgùdà tó ti Bùràsíìlì bọ̀ sí Èkó mú dé ọ̀dọ̀ wa, tí àwọn olówó Ìjẹ̀bú-Òde fi dárà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá: òpó tó ní ọrùn àti ìdí, òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì yọ sí orí fèrèsé, ìta òkè tó yọ sójú títì. Ọ̀pọ̀ ti ń wó. Mo máa ń kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé, nítorí ẹni tó bá gbé tépù síwájú ilé onílé láìsọ̀rọ̀, aṣojú ilé ẹjọ́ ni wọ́n máa rò pé ó jẹ́. Ìsàlẹ̀ ni tépù lè dé. Fún gíga, ẹ dúró dé ìgbà tí oòrùn bá ń ràn. Ẹ na ọ̀pá mítà kan ró, ẹ wọn òjìji rẹ̀, kí ẹ sì wọn òjìji ilé ní àkókò kan náà. Bí òjìji ọ̀pá bá jẹ́ 80 sẹ̀ǹtímítà, tí ti ilé jẹ́ mítà 7.2, mítà mẹ́sàn-án ni ilé náà ga. Bí wọn kò bá tíì rẹ́ ògiri, ó tún yá jù bẹ́ẹ̀: ẹ ka búlọ́ọ̀kù. Búlọ́ọ̀kù oníńṣì mẹ́sàn-án ga ní 225 mìlímítà, ó gùn ní 450. Lórí tábìlì ó di mìlímítà mẹ́rin ààbọ̀ sí mẹ́sàn-án.

Páálí ni ògiri mi. Páálí tí wọ́n fi kó nǹkan wọ ọjà sábà nípọn tó mìlímítà mẹ́ta, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 15 nínú ilé gidi. Ògiri amọ̀ àtijọ́ tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 45 ń fẹ́ mẹ́ta lórí ara wọn. Ojú fèrèsé ni èyí ti máa ń hàn. Ẹni tó bá lo ẹyọ páálí kan, fèrèsé rẹ̀ á pẹlẹbẹ bí àwòrán inú ìwé. Ẹni tó lẹ mẹ́ta pọ̀, òjìji á wọ inú fèrèsé náà, ilé á sì di ilé. Ẹ jẹ́ kí iṣan inú páálí dúró lóòró nínú ẹyọ kan, kí ó sùn nínú ìkejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ògiri á ká bí ewé. Gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà ń lò ní omi nínú. Ẹ fi pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ gbé ìwé tó wúwo lé e di ọjọ́ kejì. Nínú oṣù kẹfà sí ìkeje, tí òjò Ìjẹ̀bú kì í dákẹ́, ẹ fi fáníìṣì pa páálí náà kí ẹ tó kùn ún. Mo ti rí ilé tí òjò kò kàn rí tí ó wú bí àkàrà.

Abẹ fẹ́lẹ́ tàbí kọ́tà, rúlà onírin, àfọ́kù táìlì tí a ó gé e lé, sáńpépà kíkúnná, abẹ́rẹ́, ìgbámú kékeré tí obìnrin fi ń fa irun ojú: kò ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì nínú gígé ni sùúrù. Ẹ má fi agbára gé e lẹ́ẹ̀kan. Ẹ rọra fa abẹ náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin ní ojú kan, kí ẹ sì yí abẹ padà kí ó tó kú. Abẹ tó ti kú kì í gé páálí, ó ń fà á ya ni, ìka ló sì máa ń gé dáadáa.

Ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ ni mo fi ń ṣe àwọn òpó kéékèèké tó wà lára ìta òkè. Ìlẹ̀kẹ̀ tó fẹ̀ ní mìlímítà méjì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá nínú ilé gidi, iye tí òpó bẹ́ẹ̀ fẹ̀ náà nìyẹn. Ẹ to wọ́n sára wáyà tínrín, ẹ kùn ún lọ́dà, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ pé ìdí ọmọ ni wọ́n ti ń ta irú rẹ̀ mọ́. Àgbá bíárò ṣe é lò fún òpó ìsàlẹ̀. Ẹyọ ìgbálẹ̀ ni igi àjà. Inú ọ̀pá ògùrọ̀, tó rọ̀ bíi fómù, dára fún ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ fi ọ̀bẹ gbẹ́ kíákíá.

Orí ilé ni ibi tí mo ti pẹ́ jù. Páànù Ìjẹ̀bú-Òde, èyí tó ti pupa nítorí ìpẹtà, ni àlejò kọ́kọ́ máa ń rí bó bá wo ìlú láti òkè, ó sì ń dùn mí láti rí mọ́dẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi páálí kíká ṣe òrùlé rẹ̀. Ìgbì páànù jìnnà sí ara wọn ní íńṣì mẹ́ta, bíi mìlímítà 76. Ẹ fi àádọ́ta pín in: mìlímítà kan ààbọ̀. Mo wá ohun tó ní irú ìlà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Òòyà dára díẹ̀, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ ń fa bébà ya. Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni mo ti rí i níkẹyìn. Bóòtù tí wọ́n ń fi sípánà 17 tú, ìlọ́ ara rẹ̀ sábà máa ń jìnnà sí ara wọn ní mìlímítà kan ààbọ̀. Mo mú èyí tí ìlọ́ rẹ̀ gùn, mo tẹ́ bébà onírin tí wọ́n fi ń wé ẹran sórí sílípáàsì, mo tẹ bóòtù mọ́ ọn, mo yí i lọ bí ẹni yí ọmọ ọlọ. Páànù jáde. Mo pe mẹkáníìkì kó wá wò ó, ó ní òun kò mọ̀ pé òun ń ta òrùlé.

Ẹ má ṣe fi odindi kan bo ilé. Páànù gidi gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, ó fẹ̀ ní nǹkan bí íńṣì 26. Lórí tábìlì ó di mìlímítà 49 sí 13. Ẹ gé e bẹ́ẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti etí òrùlé lọ sókè, kí tòkè gun tìsàlẹ̀ díẹ̀, bí káfíńtà ti í ṣe é kí omi má baà wọlé. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan wọ́ díẹ̀. Ẹ fi èyí tuntun kan rọ́pò èyí tó gbó láàárín wọn, nítorí kò sí ilé àgbà tí a kò tíì lẹ̀.

Ní ti àwọ̀, ohun méjì ni kí ẹ mọ̀. Ìkíní, ọ̀dà tó ń dán kò dára. Dídán rẹ̀ kì í kéré pẹ̀lú ilé, ilé á wá jọ èyí tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sí lára. Ẹmọ́ṣọ̀nù lẹ ó lò. Ìkejì, bí ẹ bá bu ọ̀dà lára garawa tí wọ́n fi kun ilé gidi, á dúdú jù lórí tábìlì. Nígbà tí a bá dúró ní ọ̀nà jíjìn wo ilé, afẹ́fẹ́ àti ọyẹ́ ti ṣí díẹ̀ nínú àwọ̀ rẹ̀; mọ́dẹ́ẹ̀lì jẹ́ ilé tí a ń wò láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ fi funfun díẹ̀ lù ú. Fún ìpẹtà, osùn àti eérú èédú tí a pò mọ́ omi gọ́ọ̀mù ló ń ṣe é, ẹ fi fómù gbé e kàn án lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó pọ̀ lẹ́bàá ojú ìṣó. Yẹ̀pẹ̀ pupa tí òjò ń ta sára ògiri kì í sábà ga ju orókún lọ: sẹ̀ǹtímítà kan lórí tábìlì. Yẹ̀pẹ̀ gidi ni mo ń lò báyìí, mo máa ń gún un nínú odó, mo sì máa ń fi gèlè tínrín sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Òun náà ló gba ipò gàrí ní ojú ọ̀nà.

Ilé tí kò sí ènìyàn níwájú rẹ̀ kì í pẹ́ sú ojú. Ọjọ́ Ojúde Ọba, àjọ̀dún Ìjẹ̀bú-Òde tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá, ni mo fẹ́ fi iwájú tèmi ṣe, pẹ̀lú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́ orí, tó ń kọjá. Wáyà ni egungun ènìyàn, bébà ìnujú tí a rì sínú gọ́ọ̀mù ni ẹran ara àti agbádá. Mo kọ́kọ́ gé aṣọ òfì gidi fún wọn. Ó dúró gbagidi bí ẹni tó wọ ẹní. Pẹlẹbẹ òfì kan tó fẹ̀ ní bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá gbọ́dọ̀ di mìlímítà méjì, kò sì sí òwú tó tínrín tó bẹ́ẹ̀. Pẹ́ńsùlù tó mú ni mo fi fa ìlà òfì sára bébà. Ẹṣin tó máa ń wà níbi àjọ̀dún náà ṣì ń bá mi jà; ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń nípọn ju bó ṣe yẹ lọ títí ó fi jọ ti màlúù.

Àwọn òyìnbó ní ọ̀nà tó rọrùn jù èyí. Ní 1936 ni ilé iṣẹ́ FROG ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ òfuurufú oníke tí a ó to ara rẹ̀, ní 1:72, ìyẹn íńṣì kan dúró fún ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Airfix tẹ̀lé e, wọ́n gbé Spitfire tiwọn jáde ní 1953. Tamiya ti Jàpáànì ní tiwọn ló mú 1:35 gbajúmọ̀, ìdí rẹ̀ sì pa mí lẹ́rìn-ín: ọkọ̀ ogun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ gba bátìrì nínú, bátìrì ló wá yan ìdá. Bí ọmọ yín ní Lọ́ńdọ̀nù bá fi ọ̀kan ránṣẹ́, ẹ gbà á. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ kì í lẹ ike mọ́ ike. Ńṣe ló ń yọ́ méjèèjì wọ inú ara wọn, nítorí náà ẹ má tún fi lẹ páálí. Ohun tí mo ní sí wọn ni pé ẹlòmíràn ti wọn nǹkan náà fún yín tán.

Nígbà tí mo parí òpópónà kejì, mo fi gíláàsì bò ó, mo sì kó káńfọ̀ sí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nítorí aáyán, torí gọ́ọ̀mù àti bébà náà oúnjẹ ni lójú tiwọn. Èèrà kò padà wá. Ìyá àgbà kan tí wọ́n bí sínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní kí n ṣí gíláàsì náà fún òun. Ó tẹ̀ síwájú, ó fẹjú mọ́ fèrèsé òkè fún ìgbà díẹ̀, ó wá sọ pé ilé náà jọ ọ́, àmọ́ ó ń rùn bí àpótí aṣọ ìyá ọkọ òun.